COBOL: Èdè Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Ti Gbẹ́ Òkúta Ibojì Fún, Tí Kò Sì Tíì Kú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti sé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́lé, Phil Murphy, tó jẹ́ Gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà nígbà náà, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ nípa irú àwọn ènìyàn tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń wá kí wọ́n wá yọ̀ǹda ara wọn. Pé ó ń wá àwọn oníṣẹ́ ìlera kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó ya aráyé lẹ́nu ni pé ó tún ń wá àwọn tó gbọ́ COBOL. Ògọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń béèrè owó ìrànwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń ṣètò owó ọ̀hún sì ń lo ètò tó ti lé ní ogójì ọdún.

Nígbà tí ìròyìn náà dé orí WhatsApp ẹbí wa, ìbéèrè mẹ́ta ló rọ́ tẹ̀ lé e. Kí ló ń jẹ́ COBOL? Ṣé kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́ èdè ni? Bí èdè ọ̀hún bá sì ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò jù ú nù, kí wọ́n lo tuntun? Mo gbìyànjú láti dáhùn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ mi kò sì yé ẹnikẹ́ni, nítorí pé ibi tó yẹ kí n parí sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ láti ìpìlẹ̀.

Kí ni kọ̀ǹpútà, kí sì ni ètò?

Kí kọ̀ǹpútà tó di orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, bí ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba bá kéde pé òun ń wá kọ̀ǹpútà, ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa ló ń wá, tí yóò jókòó ti tábìlì, tí yóò máa fi kálàmù àti ìwé ṣírò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Obìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é. Ẹ̀rọ tí wọ́n wá ṣe láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ló jogún orúkọ wọn.

Nínú àlàyé yìí, ètò ni mo ń pe àkójọ àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùṣètò ni ẹni tó kọ ọ́. Èdè ìṣètò sì ni ọ̀nà tí olùṣètò ń gbà kọ àwọn àṣẹ náà sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ kankan. Bí ìyá kan bá rán ọmọ rẹ̀ lọ ra ata rodo, tí ọmọ náà dé ọjà tí kò bá ata lórí àtẹ, ọmọ tó gbọ́n yóò wo ìdí àtẹ mìíràn, tàbí kí ó padà wálé wá sọ. Kọ̀ǹpútà yóò dúró sí ìdí àtẹ òfìfo náà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, àfi bí ẹni tó rán an níṣẹ́ bá ti sọ ọ́ ṣáájú pé bí o kò bá bá ata, báyìí ni kí o ṣe. Gbogbo wàhálà iṣẹ́ olùṣètò wà nínú bí yóò ṣe ronú kan ohun gbogbo tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jà kó tó rán ẹnikẹ́ni jáde.

Èdè wo ni ẹ̀rọ náà gbọ́ gan-an?

Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò ju swíìṣì lọ, ó kàn pọ̀ lọ bẹẹrẹ ni. Nínú swíìṣì kọ̀ọ̀kan, yálà iná ń kọjá tàbí kò kọjá; kò sí ti agbede méjì. Èyí tí iná ń kọjá nínú rẹ̀ ni wọ́n kà sí 1, èyí tí kò kọjá ni wọ́n kà sí 0, òun nìkan sì ni èdè tí ẹ̀rọ náà bá wá sáyé.

Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí ti mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ọ̀rọ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní èso mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún àti mẹ́rin lápá òsì. Bí babaláwo bá jù ú sílẹ̀, èso kọ̀ọ̀kan lè ṣí sílẹ̀, ó sì lè dojú dé. Èyí tó ṣí sílẹ̀, àmì kan ṣoṣo ló dúró fún. Èyí tó dojú dé, àmì méjì. Bí gbogbo wọn bá ṣí, Ogbè Méjì ló jáde. Bí gbogbo wọn bá dojú dé, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni. Ọ̀nà méjì péré ni èso kan lè gbà balẹ̀, síbẹ̀ èso mẹ́jọ ti tó láti bí Odù 256. Swíìṣì mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà náà ń bí 256 gẹ́lẹ́, àkójọ mẹ́jọ-mẹ́jọ yìí sì ni wọ́n ń pè ní báìtì.

Àwọn kan ti tipa èyí máa sọ kiri pé inú Ifá ni kọ̀ǹpútà ti jáde. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Ìṣirò kan náà ló wà nídìí méjèèjì, ṣùgbọ́n orí wáyà ni àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ti bá tiwọn, wọn kò dé ojúbọ Ọ̀rúnmìlà. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé kò yẹ kí èrò náà ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá.

Láti inú 0 àti 1 ni nọ́ńbà ti ń jáde, láti inú nọ́ńbà sì ni lẹ́tà ti ń jáde. Nínú ìlànà kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, tó ń jẹ́ ASCII, lẹ́tà A ńlá jẹ́ 65, bí swíìṣì sì ṣe ń kọ 65 nìyí: 01000001. (Àyè 128 péré ló wà nínú ìlànà náà, àwọn tó ṣe é sì ń ro ti èdè tiwọn. Kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àmì ohùn, ara ohun tó fà á nìyẹn tí àwa tó ń kọ Yorùbá fi ń bá kíbọ́ọ̀dù jà títí dòní.)

Báwo ni wọ́n ṣe ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́ kí èdè ìṣètò tó dé?

Àwọn ahunṣọ ló ṣáájú. Ẹni tó bá ti wo àwọn aláṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn mọ̀ pé láti inú òwú tí a gbé sókè àti èyí tí a fi sílẹ̀ ni bátànì ti ń jáde. Ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1804, Joseph Marie Jacquard so páálí tí wọ́n dá ihò sí mọ́ òfì. Níbi tí ihò bá wà, òwú yóò gòkè. Níbi tí kò bá sí, òwú yóò dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ bátànì mìíràn, páálí ni wọ́n ń pààrọ̀, òfì kò yí padà.

Páálí yìí ni Charles Babbage ní Ìlú Ọba fẹ́ fi darí ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Kò rí ẹ̀rọ náà ṣe parí títí ó fi kú ní 1871. Síbẹ̀ ní 1843, Ada Lovelace ti tẹ àlàyé kan jáde nípa ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò gbé láti ṣe ìṣirò líle kan, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún kò sí láyé. Páálí náà kan náà ni Herman Hollerith fi ka ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ní 1890. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ wà lára àwọn tó para pọ̀ di IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá ti Amẹ́ríkà.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ẹ̀rọ ìṣirò di ẹ̀rọ oníná. Konrad Zuse, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, parí ẹ̀rọ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Z3 ní Berlin ní 1941, bọ́ǹbù sì bà á jẹ́ nígbà tí ogun gbóná. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe Colossus láti fi tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn Jámánì, wọ́n sì fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Èyí tí aráyé gbọ́ nípa rẹ̀ ni ENIAC, tí John Mauchly àti J. Presper Eckert ṣe ní Yunifásítì Pennsylvania ní ìlú Philadelphia, tí wọ́n sì fi hàn ní oṣù kejì ọdún 1946. Nǹkan kan tó dà bíi gílóòbù, nǹkan bí 18,000, ló ń ṣiṣẹ́ swíìṣì nínú rẹ̀. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 30. Ó sì lè ṣe ìròpọ̀ 5,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ológun fẹ́ kó máa ṣírò ibi tí ọta ìbọn ńlá yóò bà sí. Ọta tí yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 30 ní ojú òfuurufú, ENIAC a máa fi 20 ṣírò ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn ni pé ìdáhùn á ti dé kí ọta tó balẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí èdè kankan tí ènìyàn lè fi bá a sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin mẹ́fà tó jẹ́ kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, ní ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún: Kay McNulty, Betty Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Frances Bilas àti Ruth Lichterman. Àwòrán ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún wọn pé kí wọ́n fi kọ́ ara wọn. Wọ́n á pín ìṣirò náà sí wẹ́wẹ́ lórí ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fa wáyà láti ara ògiri ẹ̀rọ kan dé ara èkejì, bí àwọn tó ń so ìpè tẹlifóònù láyé àtijọ́, wọ́n á sì máa yí swíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí iṣẹ́ kan tó wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì ṣe é tán kíá. Bí iṣẹ́ mìíràn bá dé, ẹ tú wáyà palẹ̀, ó tún di ọ̀tun. Lọ́jọ́ ìfihàn, ètò tí Betty Jennings àti Betty Snyder tò ló wú àwọn àlejò lórí, síbẹ̀ wọn kò pe àwọn méjèèjì síbi àsè alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi orúkọ Betty Snyder sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀.

Nígbà wo ni àṣẹ bọ́ láti ara wáyà sí inú ẹ̀rọ?

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1948, ní Yunifásítì Manchester, Freddie Williams, Tom Kilburn àti Geoff Tootill rí i kí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Baby ṣiṣẹ́ láti inú ètò tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Èyí ni ìyípadà tó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí lójú tèmi. Àṣẹ àti nọ́ńbà ń gbé inú yàrá kan náà, méjèèjì jẹ́ 0 àti 1. Bí o bá fẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ohun tó wà nínú yàrá lo máa pààrọ̀, o kò ní fa wáyà kankan.

Àmọ́ ẹ wo bí ìyà rẹ̀ ṣe rí. Baby kò mọ ìròpọ̀. Àyọkúrò nìkan ló mọ̀, ó sì lè gbé nọ́ńbà kan kó yí i sí òdì, bí ẹni yí owó tí a ní padà di gbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ ro 5 pọ̀ mọ́ 3 yóò kọ́kọ́ pàṣẹ pé kó gbé 5 ní òdì, ó di gbèsè 5. Yóò pàṣẹ pé kó yọ 3 kúrò, gbèsè di 8. Yóò pàṣẹ pé kó tọ́jú ìyẹn síbì kan. Yóò wá pàṣẹ ìkẹrin pé kó tún gbé ohun tó tọ́jú náà ní òdì, gbèsè 8 á wá di 8 gidi. Àṣẹ mẹ́rin fún ohun tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè fi ìka ṣe, àṣẹ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0 àti 1 méjìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọwọ́. Bí ìka bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ìdáhùn ti bàjẹ́, ẹ̀rọ kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ètò àkọ́kọ́ tó ṣe yọrí ní àṣẹ 17, ó sì gba ìṣẹ́jú 52 kó tó fún wọn lésì.

Ní Yunifásítì Cambridge ní ọdún tó tẹ̀ lé e, David Wheeler dín ìyà náà kù lórí ẹ̀rọ EDSAC. Ó jẹ́ kí olùṣètò lè kọ lẹ́tà dípò 0 àti 1, A fún ìròpọ̀, S fún àyọkúrò, ó sì kọ ètò kékeré kan tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń lò láti yí lẹ́tà wọ̀nyí padà sí ohun tí ó gbọ́. Ìgbésẹ̀ kékeré ni, nítorí lẹ́tà kan ṣì dúró fún àṣẹ kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí ran ènìyàn lọ́wọ́ láti kọ iṣẹ́ tí yóò fi rán an.

Ta ni ògbufọ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti ẹ̀rọ?

Grace Hopper jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà ogun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìṣirò Mark I ní Yunifásítì Harvard ní 1944. (Ní ẹ̀rọ Mark II tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ bá àfòpiná kan tó há sínú ẹ̀rọ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí pe àṣìṣe inú ètò ní kòkòrò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí kọ̀ǹpútà, àwàdà ni àwọn tó lẹ kòkòrò náà ń ṣe.)

Hopper kíyè sí i pé nígbà tí àwọn olùṣètò bá fẹ́ kọ nǹkan tí ẹlòmíràn ti kọ rí, ńṣe ni wọ́n ń dà á kọ láti inú ìwé ara wọn, tí wọ́n sì ń dà á kọ lódì. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá lè da ohun gbogbo kọ láìṣìnà, kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi ní dà á kọ fúnra rẹ̀? Ní 1952 ó parí ètò kan tó ń jẹ́ A-0, tó ń kó àwọn ègé iṣẹ́ tí wọ́n ti tọ́jú jọ, tó sì ń tò wọ́n di ètò odidi. Irú ètò tó ń kọ ètò báyìí ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpáílà. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ènìyàn kò gbà á gbọ́, pé wọ́n ní ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà lè ṣe, kò lè kọ ètò.

Ẹ fi wé ìtumọ̀ lásán. Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọ́n parí rẹ̀, ẹni tó bá sì ń kà á lónìí kò nílò kí atúmọ̀ kankan dúró tì í. Bí kọ̀ǹpáílà ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ń túmọ̀ odidi ètò sí 0 àti 1 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á sì máa lo ìtumọ̀ náà lọ. Ọ̀nà kejì jọ ti ògbufọ̀ orí pẹpẹ níbi ìsọjí, tí oníwàásù á sọ gbólóhùn kan, tí òun á túmọ̀ rẹ̀ kí oníwàásù tó sọ òmíràn. Èdè ìṣètò Python, tó jáde ní 1991 tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń kọ́ nísinsìnyí, sún mọ́ ọ̀nà kejì yìí.

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé ìtumọ̀ ẹ̀rọ lè dára tó ti ènìyàn ni John Backus ní IBM, tí òun àti ikọ̀ rẹ̀ gbé èdè ìṣètò FORTRAN jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1957, fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń ṣe ìṣirò líle. Backus kò fi bò pé ọ̀lẹ ló sún òun dé ibẹ̀, pé òun kò fẹ́ràn láti máa kọ ètò ni òun fi wá ohun tí yóò dín in kù.

Hopper ní tirẹ̀ ń ro ti àwọn tó wà ní ọ́fíìsì owó, tí wọ́n ń sá fún àmì ìṣirò. Ó fẹ́ kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pàṣẹ. Nígbà tó ń ṣe èdè tó wá di FLOW-MATIC, ó kọ ètò kékeré kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún kọ ọ́ ní Faransé àti ní Jámánì, láti fi han àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé bákan náà ni fún ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà bí wọn nínú. Lójú wọn, kò ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Philadelphia gbọ́ Faransé. Wọn kò rí i pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí olùṣètò bá kọ, àmì lásán ni fún kọ̀ǹpáílà, tí yóò wá 0 àti 1 tó bá a mu. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó bá ń bi mí bóyá Yorùbá lè jẹ́ èdè ìṣètò, ó ti jẹ́ ẹ: wọ́n ti ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ Yorlang.

Báwo ni wọ́n ṣe bí COBOL?

Ní òpin àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kejì. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun lọ́wọ́ ẹlòmíràn yóò tún gbogbo ètò rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, tó ní kọ̀ǹpútà 225 nígbà náà, ni ìnáwó yìí dùn jù. Olùṣètò kan tó ń jẹ́ Mary Hawes ló dábàá pé kí gbogbo wọn jókòó pọ̀, ìpàdé náà sì wáyé ní Pentagon, olú ilé iṣẹ́ ètò ààbò náà, ní ọjọ́ 28 àti 29 oṣù karùn-ún ọdún 1959, lábẹ́ alága Charles Phillips. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wá, àwọn tó ń rà á náà wá. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti ní èdè àjùmọ̀lò kan fún iṣẹ́ ajé, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́, COBOL, ohun tó túmọ̀ sí gan-an nìyẹn.

Wọ́n máa ń pe Hopper ní ìyá COBOL. Ó tọ́ sí i ní ìwọ̀n, nítorí pé FLOW-MATIC rẹ̀ ni wọ́n wò kọ ọ́ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìgbìmọ̀ bí ni COBOL. Jean Sammet wà lára àwọn tó jókòó ṣe é, Betty Snyder ti ENIAC náà sì wà níbẹ̀, ó ti lọ́kọ nígbà náà, ó ti ń jẹ́ Betty Holberton.

Ìgbìmọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń jẹ́. Iṣẹ́ náà fà débi pé Howard Bromberg, tó ń bá wọn ṣe é láti ilé iṣẹ́ RCA, gbà pé ọmọ náà kò ní yè. Ó lọ sọ́dọ̀ agbẹ́kúta, ó ra òkúta ibojì mábù, tí wọ́n gbẹ́ ère ọ̀dọ́ àgùntàn sí lórí, ó ní kí wọ́n kọ COBOL sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí Charles Phillips ní Pentagon. Òkúta náà wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà ní ìlú Mountain View ní Kalifọ́níà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1960, ètò COBOL kan náà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ RCA àti lórí ẹ̀rọ UNIVAC, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀ péré.

Ẹ wo bí èdè méjì ṣe ń sọ ohun kan náà. Ká ní a fẹ́ ṣírò owó òṣìṣẹ́, ká fi iye wákàtí tó ṣe lọ́nà iye owó wákàtí kan. Báyìí ni FORTRAN yóò ṣe kọ ọ́:

PAY = HOURS * RATE

COBOL yóò kọ ọ́ báyìí:

MULTIPLY HOURS BY RATE GIVING PAY.

Gbólóhùn ni, ó ní àmì ìdánudúró lẹ́yìn bí lẹ́tà tí akọ̀wé kọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi rò pé gígùn rẹ̀ wà lára ohun tó gbà á là, nítorí ẹni tí kò bá ẹni tó kọ ọ́ pàdé rí ṣì lè kà á kó mọ ohun tó ń wí.

Kí ló dé tí wọn kò fi jù ú nù?

Ìdí kan wà tó jẹ mọ́ kọ́bọ̀. Bí a bá ní ká pín náírà kan sí ọ̀nà mẹ́ta dọ́gba, a óò máa kọ 0.333 lọ láìní òpin, nítorí ìṣirò oní-mẹ́wàá wa kò lè kọ ìdá mẹ́ta tán. Ìṣirò 0 àti 1 náà ní ohun tí kò lè kọ tán, ìdá kan nínú mẹ́wàá sì wà lára wọn. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ èdè ìṣètò tó gbajúmọ̀, bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, ohun tí yóò gbé jáde ni 0.30000000000000004. Fún ẹni tó ń ya àwòrán, ìyẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Fún báńkì tó ń ṣírò èlé lórí mílíọ̀nù àpò ìfowópamọ́ lójoojúmọ́, ìjàngbọ̀n ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ COBOL láti máa ka owó ní oní-mẹ́wàá, bí akọ̀wé owó ṣe ń kà á, kọ́bọ̀ dé kọ́bọ̀. Àwọn èdè mìíràn lè ṣe é báyìí, àmọ́ olùṣètò ní láti rántí bèèrè fún un.

Ìdí kejì tóbi ju ti kọ́bọ̀ lọ. Ètò báńkì tàbí ti ìjọba kì í ṣe ìṣirò lásán. Gbogbo òfin tó ti yí padà láti ogójì ọdún ló wà nínú rẹ̀, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbòmíràn: ìdí tí àwọn tó fẹ̀yìn tì ní ọdún báyìí fi ń gba owó yàtọ̀, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí opó bá tún fẹ́ ọkọ. Láti pààrọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí a fẹ́ hú ìpìlẹ̀ ilé kúrò nígbà tí àwọn ayálégbé ṣì ń sùn nínú yàrá. Báńkì Commonwealth ti Australia gbìyànjú rẹ̀, ó sì ṣe é yọrí ní nǹkan bí ọdún 2012. Ó gbà wọ́n ní ọdún márùn-ún, ó sì jẹ nǹkan bíi bíliọ̀nù kan dọ́là ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá báńkì gbọ́ iye yìí, wọ́n sì rọra jókòó.

Èdè náà ti dá wàhálà tirẹ̀ náà sílẹ̀. Páálí oníhò tí àwọn olùṣètò ayé ìgbà náà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kò gbà ju lẹ́tà 80 lọ, nítorí náà wọ́n ń kọ 68 dípò 1968 láti fi ṣọ́ àyè lò. Nígbà tí ọdún 2000 ń sún mọ́lé, ẹ̀rù bà wọ́n pé kọ̀ǹpútà yóò ka 00 sí 1900, pé gbèsè ọgọ́rùn-ún ọdún yóò kàn hù lójijì. Wọ́n ké sí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pé kí wọ́n padà wá tún un ṣe. Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, nǹkan ńlá kò ṣẹlẹ̀, àwọn kan sì ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọn kò rí iṣẹ́ tí àwọn arúgbó náà fi òru ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New Jersey kò ṣòro láti lóye mọ́. Kì í ṣe pé COBOL ṣi ìṣirò ṣe. Àwọn tó ń béèrè owó ló pọ̀ ju iye tí wọ́n kọ́ gbogbo ètò náà fún lọ, òfin tuntun sì dé lójijì láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà, pé kí wọ́n fi 600 dọ́là kún owó ìrànwọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara wọn náà, tí wọn kì í fún tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú ètò náà lọ, kó ka ohun tí ẹlòmíràn ti kọ, kó rí ibi tí òfin àtijọ́ wà, kó sì fi tuntun há a láàárín láìba ìyókù jẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti pa kíkọ́ COBOL tì tipẹ́. Àwọn tó lè ṣe é ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ní oṣù kan náà, IBM àti àwọn tó ń bá a ṣe gbé ẹ̀kọ́ COBOL ọ̀fẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́ tó bá kọ́ ọ, tó sì ṣí ètò àtijọ́ kan wò, yóò bá apá kan lókè pátápátá, ṣáájú ìṣirò èyíkéyìí, tí àwọn ìgbìmọ̀ 1959 yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó kọ ọ́. Àyè wà níbẹ̀ fún orúkọ rẹ̀, ó sì wà fún ọjọ́ tó kọ ọ́.